Bàtà Ẹnu Ọ̀nà Àká

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ní kí n kọ nǹkan nípa bí a ṣe ń gbé nígbà tí a kọ́kọ́ dé Peckham, kí ẹ lè kà á níbi ìpàdé ọ̀dọ́. Ẹ ní kó dùn-ún kà, kó má gùn jù, kí n má sì fi ìbínú kọ ọ́. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, n óò gbìyànjú. Ẹ̀kẹta, ẹ forí jì mí. Mo kàwé dé yunifásítì, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó kàn ń pariwo àti ẹni tó ń ro ẹjọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ ohun tí wọ́n bà jẹ́ bí ẹ kò bá mọ bó ṣe rí kí wọ́n tó bà á jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbò.

Nígbà tiwa, kò sí alápatà mùsùlùmí ní gbogbo òpópónà bí ẹ ṣe ń rí wọn lónìí. Bí Iléyá bá ń bọ̀, a ní láti wá àgbò lọ sí oko àwọn òyìnbó ní ìhà Kent. Àwọn ọdún kan wà tí Iléyá bọ́ sí àárín òtútù gan-an. A ó gba kóòṣì kan, ọkọ, aya àti ọmọ, gbogbo wa pọ̀. Àwọn obìnrin á ti dín àkàrà láti àárọ̀, òórùn rẹ̀ á gba inú mọ́tò kan, dírẹ́bà á máa fimú fà á títí a ó fi fún òun náà. Fèrèsé á kún fún èémí wa, àwọn ọmọ á máa fi ìka ya àgbò sí i lára.

Àgbẹ̀ tó ń ta àgbò fún wa jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata nínú òtútù. Bàbá Àgbò ni a sọ ọ́, ó sì gbà láti máa jẹ́ ẹ. Bí a bá pè é lórí fóònù pé, "Hẹ̀lóò, Bàbá Àgbò," yóò dáhùn pẹ̀lú ohùn imú rẹ̀ pé, "Bàbá Àgbò nìyí o!" Àwa la kọ́ ọ ní "o" yẹn, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni àká ńlá kan wà, ilé tí àwọn òyìnbó ayé àwọn ọba ìgbàanì kọ́ láti máa kó ọkà sí. Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Òpó rẹ̀ nípọn débi pé bí èmi àti ìyàwó mi bá na ọwọ́ yí ọ̀kan ká, ìka wa kì í kanra. Òrùlé rẹ̀ ga, òkùnkùn kì í sì í kúrò lókè ibẹ̀, kódà lọ́sàn-án gangan. Ẹyẹlé máa ń kùn nínú òkùnkùn yẹn. Bí yìnyín bá wà lórí òrùlé, igi á máa dún díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn. Nígbà yẹn, ohùn náà kò bà wá lẹ́rù. A kà á sí pé ilé náà ń kí wa ni.

Lẹ́yìn àká, kò jìnnà, ni ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan wà tí ó dàgbà tó àká náà, ibojì yí i ká. A kì í bẹ̀rù láti wọ ibẹ̀. Alùfáà ìjọ náà ló máa ń fún wa ní omi gbígbóná tí a fi ń ṣe àlùwàlá, nítorí ẹ̀rọ omi tó wà lóko máa ń dì. Kò tilẹ̀ sí ìgbà tí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní títì. Lọ́dún kan, àgbò kan já okùn mọ́ wa lọ́wọ́, ó sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ dúró síbi tí alùfáà ti ń wàásù, ó ń wo gbogbo àga tó ṣófo. A sáré tẹ̀ lé e, a ń bẹ alùfáà. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i. Òun nìkan ló tètè dé lónìí." Ìyá Sikírù, ìyàwó mi, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Mummy Sikírù, rẹ́rìn-ín jáde síta títí ó fi jókòó lórí ibojì kan láìmọ̀. Nígbà tó rí i, ó fò dìde, ó kúnlẹ̀ fún òkú òyìnbó: "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má bínú, n kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

Inú àká ni a ti ń kírun. A ó gbá koríko gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó tẹ́ ẹní, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn. Gbogbo bàtà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ti ọkùnrin lápá ọ̀tún, ti obìnrin lápá òsì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Ẹnì kan wà tí kì í bá wa kírun lákọ̀ọ́kọ́. Yóò dúró ti bàtà. Bí a bá parí, yóò kí tirẹ̀. Kì í ṣe olè ló ń ṣọ́. Ta ni yóò rìn wá sínú yìnyín oko láti jí bàtà wa? Ènìyàn ló ń ṣọ́. Bí a bá ń jáde, tí bàtà kan kù nílẹ̀, ẹni tó ni ín wà nínú ilé. Kóòṣì kò ní gbéra. A kò ní ka orí, a kò ní pe orúkọ, ẹnu ọ̀nà nìkan la ó wò. Nígbà kan, bàtà ọkùnrin kan kù, a wá a títí a fi fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, àṣé ó ti wọ bàtà oko Bàbá Àgbò lọ yan àgbò, ó ń yangàn káàkiri bí onílé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bàtà pupa kékeré kan ló kù. Ọmọbìnrin kan ti sùn lọ sábẹ́ koríko níbi tí ooru wà. Bí kì í bá ṣe bàtà yẹn, à bá ti dé Peckham kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀, nítorí ó rò pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ níwájú mọ́tò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bàbá Àgbò kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta oko. Àwọn kan gba àká náà, wọ́n fi okùn yí àwọn òpó ká, wọ́n lẹ pátákó mọ́ ọn pé kí a má fọwọ́ kàn án, wọ́n ń gba owó kí ènìyàn tó wọlé. N kò bínú sí ìyẹn. Ilé tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ yẹ ní títọ́jú. Ìbínú mi wà nílé.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí wa ní kí gbogbo ẹgbẹ́ padà lọ wo àká àti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Kámílù ni olórí ètò. Peckham níbí ni wọ́n bí i sí. Èmi ni mo pe ìrun sí i létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ó wá bá mi nílé.

"Daddy, heritage trip ni. Àwọn ọmọ ní láti mọ ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Nínú yìnyín, Kámílù? O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí rédíò?"

"Sínóò yẹn gan-an ló máa fún wa ní fọ́tò, Daddy. Fọ́tò yẹn máa mad!"

"Ta ni yóò ṣọ́ bàtà?"

"Èmi náà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti sọ́ọ̀tì ẹ̀."

Ẹ̀sùn kan nìyẹn: wọ́n kìlọ̀ yìnyín, ó kọtí ikún. Èkejì, kóòṣì méjì ni wọ́n gbà, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Mo bi wọ́n ní ìpàdé pé níbo nínú ẹ̀sìn ni wọ́n ti rí i pé kí ọkọ àti aya má jókòó pọ̀ nínú mọ́tò. Ẹnì kan ní, "Daddy, ó kàn máa organised ni." Mo ní kí wọ́n kọ àtakò mi sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a ṣe àdúrà ìparí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, yìnyín ti bọ́ bo gbogbo nǹkan. Old Kent Road tí kì í sinmi ariwo dákẹ́ lọ́nà tí n kò fẹ́. Àwọn tó ń fọ mọ́tò kò ṣí. Ojú ọ̀run dúdú bí eérú ìsàlẹ̀ àdògán, ó sì wálẹ̀ débi pé ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ jókòó lé orí ilé. Mo mú ìyàwó mi lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà kóòṣì tiwọn. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn kíákíá.

"Bàbá Sikírù, ẹ má dijú mọ́ mi bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ wọ̀?"

Bùsárá tó ń gbé ní Catford nà án lọ́wọ́, ó fà á gòkè. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, Daddy. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n máa jókòó sí."

Nígbà tí a dé oko, n kò mọ ibẹ̀ mọ́. Kò sí ẹyẹlé. Kò sí òórùn ẹran. Yìnyín ti bo àwọn ibojì títí tó fi jẹ́ pé orí òkúta nìkan ló yọ, bí ènìyàn tó rì dé ọrùn. Òyìnbó obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún wa pé òun yóò tètè ti ìlẹ̀kùn, nítorí ọ̀nà abúlé máa ń dí. Ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Láti ojú fèrèsé ni a ti yọjú wo inú rẹ̀.

Nínú àká, igi ń dún. Kì í ṣe bó ṣe ń dún látijọ́. Ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó tún ń dún, bí ẹni tí nǹkan wúwo wà láyà rẹ̀. Ìyàwó mi wò mí láti apá àwọn obìnrin.

"Bàbá Sikírù, ẹ ń gbọ́ ọ? Kò ṣe báyìí rí."

"Yìnyín ló pọ̀ lórí ẹ̀."

"Hùn. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan."

A kí Àìlà àti Àlàásárì pọ̀ bí arìnrìn-àjò. Orí àga ni ìyàwó mi ti ń kírun nítorí orúnkún rẹ̀, wọ́n sì gbé àga náà sẹ́yìn òpó tó kẹ́yìn pátápátá kó má baà dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Ẹ̀yìn òpó yẹn, ènìyàn kò lè rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí Kámílù ṣe nígbà tí a wà lórí ìrun nìyí, èmi kò sì mọ̀ ọ́n títí a fi padà dé Peckham. Àánú àwọn ìyá ṣe é. Yìnyín ń fẹ́ wọlé sórí bàtà wọn. Ó bá kó gbogbo bàtà obìnrin sínú àpò ńlá, ó gbé e lọ sínú kóòṣì wọn níbi tí ooru wà. Ó ní kí dírẹ́bà sún mọ́ ẹnu àká, ó tẹ́ tápólì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹsẹ̀ mọ́tò, kí àwọn ìyá lè fi ìbọ̀sẹ̀ rìn kọjá, kí wọ́n sì bá bàtà wọn nínú mọ́tò ní gbígbóná. Wọ́n ṣàdúrà fún un. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni.

Kóòṣì ọkùnrin ló fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Mo dúró nínú yìnyín, mo pe Kámílù.

"Àwọn obìnrin ńkọ́?"

"Wọ́n ń wọlé, Daddy. Ẹ wọ mọ́tò jàre, kí òtútù má bàa mú yín."

"O ti wo ẹnu ọ̀nà?"

"Mo ti wò ó. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Òun náà ló kó gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀sùn mi tó tóbi jù nìyẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe pè é ní àṣìṣe kékeré. Bí ó bá gbàgbé àṣà wa pátápátá, ó ṣeé ṣe kó ka orí wọn. Bí ó bá tẹ̀ lé e pátápátá, bàtà ìyàwó mi ì bá pè é padà. Ó mú ìdajì àṣà, ó fi ìdajì kejì ṣe àánú, ó wo ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti palẹ̀ mọ́, ó ní gbogbo ènìyàn ti jáde.

Mo ti wà ní mọ́sáláṣí tipẹ́tipẹ́ kí kóòṣì àwọn obìnrin tó dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo ojú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi fọ́tò han ara wọn. Ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà pa iná. Bùsárá yọ jáde pẹ̀lú àpò ńlá náà, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé bàtà búráùn kan sókè, èyí tó ní síìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló ni bàtà yìí o? Ta ló ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn kiri?"

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ra bàtà yẹn. Èmi ni mo fa síìpù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ẹ má bi mí bí a ṣe padà lọ. Kámílù ló wa mọ́tò, n kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń sunkún, ó ń wa mọ́tò, ó ń pe ọlọ́pàá, ó ń pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ojú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Mo pe fóònù ìyàwó mi. Bùsárá ló gbé e ní Peckham, inú báàgì tó fi sílẹ̀ nínú kóòṣì ló ti ń dún. Yìnyín ń sáré bọ̀ wá bá iná mọ́tò, ó pọ̀, kò lópin, gbogbo ọ̀nà sì funfun bí aṣọ òkú.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn yòókù sálámà, ó tún dìde láti san ìrun kan tó jẹ sílẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rọ mọ́tò. Ó gbọ́ tí òyìnbó obìnrin yẹn yọjú, tó ń ké pé, "Ẹnì kankan wà níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n orí ìrun ló wà, ẹni tó wà lórí ìrun kì í dáhùn. Kò kánjú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kánjú. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣe wèrè.

"Kí n kánjú kí ni? Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì, iná ti kú, kò sì sí bàtà. Ó lu ìlẹ̀kùn. Yìnyín gbé ohùn náà mì. Òkè orí rẹ̀ ń dún, ó ń dún, títí ó fi gbà pé òrùlé fẹ́ wó lé òun. Ó rántí ìlẹ̀kùn kékeré tí Bàbá Àgbò máa ń da ọ̀dọ́ àgùntàn gbà lẹ́yìn, tí wọ́n ń ti láti inú. Ó fi ìborùn di ẹsẹ̀, ó gba ibẹ̀ jáde, ó ń di ibojì mú láti ọ̀kan dé èkejì títí ó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí nínú orí rẹ̀, ìlẹ̀kùn yẹn kì í tì. Ó tì. Ìloro ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọlọ́pàá ti bá a, ó fi ẹ̀yìn ti igi ìlẹ̀kùn, kò gbọ̀n mọ́. Dókítà sọ fún mi pé ìgbà tí ènìyàn kò bá gbọ̀n mọ́ ló yẹ kí ẹ̀rù bani.

Ó yè. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kan, wọ́n ní àwọn ṣì ń wo ìyókù.

Ìgbìmọ̀ wá sí ọsibítù pẹ̀lú ọsàn àti aṣọ òtútù. Wọ́n tò yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ẹnì kan ní kádàrá ni. Mo ní kó dákẹ́. Ọlọ́run kọ́ ló kó bàtà sínú àpò. Kámílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ọsibítù, nọ́ọ̀sì rò pé ó dákú. Ìyàwó mi ní kó dìde, ó ní òun ti forí jì í. Òun ló forí jì í, kì í ṣe èmi. Nígbà náà ni akọ̀wé yọ fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú gúrúùpù, pé kí Mummy jọ̀ọ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú fídíò kí ọkàn àwọn ènìyàn lè balẹ̀.

Ìyàwó mi fa gèlè rẹ̀ dáadáa. Ó wo fóònù náà, lẹ́yìn náà ó wo Bùsárá.

"Bùsárá, ọmọ mi. Nígbà tí ẹ ń bọ̀ nínú mọ́tò, ta ló jókòó sórí àga mi?"

Bùsárá wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, Mummy. Mo ti lọ sẹ́yìn, a ń wo fọ́tò."

"Ó ṣófo?"

"Rárá, Mummy. Kúlà ìrẹsì la gbé síbẹ̀. Ìrẹsì tó kù."

"Kúlà."

"Kó má bàa dànù ni."

"Ọ̀nà yẹn sì ń yọ̀," ìyàwó mi ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò ṣubú?"

Akọ̀wé ṣì gbé fóònù rẹ̀ dání, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Bùsárá fi ọwọ́ bo ojú, ó sì dáhùn láti ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"A dè é ní bẹ́líìtì, Mummy."